Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ: ohun tí ó yẹ kí aláìsàn àti dókítà mọ̀

Bí oúnjẹ bá ń há ènìyàn láyà nígbà gbogbo, tí kò sì sí egbò lẹ́nu tàbí lọ́fun rẹ̀, ohun tí ó lè fà á pọ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn máa ń bá pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín ìlú. Ohun náà ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń lọ sí apá ọ̀tún kò gba ibi tí ó ń gbà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ kọjá, ó sì lè máa tì í mọ́ ọ̀nà èémí.

Aberrant right subclavian artery ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ ń pè é ní arteria lusoria ní èdè Látìnì. Nínú àlàyé yìí, a óò máa pè é ní iṣan tí ó yapa.

Àwọn ìwádìí tí a ti ṣe ní oríṣiríṣi ilẹ̀ fi hàn pé láàárín ènìyàn 1,000, a lè rí bí 5 títí dé 20 tí ó ní i. Bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 jọ sí pápá ní Minna, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ó ṣeé ṣe kí bí 10 nínú wọn máa gbé iṣan yìí kiri láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dàgbà, wọn yóò gbó, wọn yóò sì tọ́, láìjẹ́ pé ó yọ wọ́n lẹ́nu ní ọjọ́ kan.

Kí ló wá dé tí a fi ń kọ̀wé nípa ohun tí kì í sábà pa ẹni lára? Ìdí ni pé bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó lè di ewu ní ọjọ́ tí dókítà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá ki rọ́bà oúnjẹ bọ imú aláìsàn tí kò lè jẹun, tàbí ní ọdún tí ìyá kan bá fi ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ fún asthma tí kì í ṣe asthma.

Bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ṣe yẹ kí ó rí

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ará Minna láti fojú inú rí, nítorí oríta rélùwéè ni ìlú wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀nà rélùwéè tí ó wá láti Èkó ti pàdé èyí tí ó wá láti Baro, ní etí odò Ọya, tí ó ń lọ sí Kano. Ní ọdún 1912 ni ìjọba so àwọn méjèèjì pọ̀ di ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe Yorùbá díẹ̀ ni iṣẹ́ rélùwéè gbé dé ìlú náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣan ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde, èyí tí a ń pè ní aorta, wé ọ̀nà rélùwéè àgbà. Ó kọ́kọ́ gòkè láti inú ọkàn, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ní òkè àyà, ó wá yí sísàlẹ̀, ó sì gba iwájú eegun ẹ̀yìn lọ sí ikùn. Níbi tí ó ti tẹ̀ yìí ni ẹ̀ka mẹ́ta ti máa ń yà. Ẹ̀ka kìíní nípọn, kì í sì í pẹ́ tí ó fi pín sí méjì: ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, èkejì ń gbé e lọ sí ọ̀tún ọrùn àti orí. Ẹ̀ka kejì ń lọ sí òsì ọrùn àti orí. Ẹ̀ka kẹta ń lọ sí apá òsì.

Lára ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀ka apá ọ̀tún kò yà ní ibùdó àkọ́kọ́. Ó bá ọ̀nà àgbà lọ, ó kọjá gbogbo àwọn ẹ̀ka yòókù, ó sì di ẹ̀ka kẹrin, ní ìhà òsì ara. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni ó ní láti gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé. Ó di dandan kí ó dábùú àyà padà, bí ọkọ̀ tí ó ti kọjá ibi tí ó yẹ kí ó yà, tí ó wá ń wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Nínú ènìyàn 100 tí ó ní i, bí 80 ni iṣan náà ń gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ kọjá, láàárín òun àti eegun ẹ̀yìn. Lára bí 15, àárín ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ni ó ń gbà. Lára àwọn 5 tí ó kù, iwájú ọ̀nà èémí ni.

Inú oyún ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ọlẹ̀ máa ń ní àwọn iṣan tí ó wà ní méjì-méjì, lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n yí ọ̀fun rẹ̀ ká. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn kan nínú wọn á parẹ́, àwọn kan á dúró, àwọn tí ó dúró á sì di iṣan ńlá tí a óò fi wà láàyè. Iṣan kẹrin ní apá ọ̀tún wà lára àwọn tí ó yẹ kí ó dúró. Bí ó bá lọ parẹ́, apá ọ̀tún yóò wá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ láti ọ̀nà ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó ti parẹ́. Ìyá ọmọ kò jẹ̀bi èyí rárá, nítorí ní àkókò tí ó ń ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún.

Irú kan tún wà tí ó dà bí èyí nínú dígí: aorta fúnra rẹ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀tún, iṣan apá òsì ni ó sì yapa. Irú yìí kò wọ́pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè yọ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu jù ú lọ, nítorí òun àti okùn iṣan kan tí ó ṣẹ́kù láti inú oyún lè parapọ̀ di òrùka tí ó yí ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ká.

Obìnrin tí kò lè gbé oúnjẹ mì

Ní ọdún 1735 ni Hunauld, onímọ̀ ìṣègùn ará Faransé kan, ti kọ̀wé nípa iṣan yìí. Ṣùgbọ́n dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ David Bayford ni ó so ó mọ́ àìlègbé oúnjẹ mì. Ní ọdún 1761, obìnrin ẹni ọdún 62 kan kú lẹ́yìn ìyà ọ̀pọ̀ ọdún. Oúnjẹ kò kọjá lọ́fun rẹ̀ mọ́, ó sì rù títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí Bayford yẹ òkú rẹ̀ wò, kò rí kókó, kò sì rí egbò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó rí. Ó fún àìsàn náà ní orúkọ kan láti inú gbólóhùn Látìnì tí ó túmọ̀ sí eré ìṣẹ̀dá, orúkọ náà sì ni àwọn dókítà ṣì ń lò títí di òní: dysphagia lusoria. A kò mọ eré tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi pa kú, ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ti mọ́ ènìyàn lára, ó ṣòro láti bọ́.

Fún nǹkan bí ọdún 175 lẹ́yìn náà, ara òkú nìkan ni wọ́n ti máa ń rí i. Ní ọdún 1936 ni Burckhard Kommerell, onímọ̀ àwòrán X-ray kan ní Jámánì, dá a mọ̀ lára ọkùnrin kan tí ó wà láàyè. Ó rí i pé ìdí iṣan náà, níbi tí ó ti ya kúrò lára aorta, wú bí ìdí àgbá. Wíwú yìí ni a fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1946, Robert Gross ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tí ó fi gba ọmọ ọwọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àmì tí ó lè fara hàn

Lára àgbàlagbà, oúnjẹ líle ni ó kọ́kọ́ máa ń fa ọ̀ràn. Ẹni náà á ní iyán, ẹ̀bà tàbí ẹran há òun ní òkè àyà, pé àfi kí òun mu omi tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ mímu àti omi kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn kan máa ń húkọ́ bí wọ́n bá ń jẹun, oúnjẹ a sì máa padà sókè sí ẹnu àwọn mìíràn. Nígbà púpọ̀, ẹni náà á ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí: bí iṣan náà bá ti wà láti inú oyún, kí ló dé tí ó dúró di ìgbà náà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ rọ̀, ọ̀nà oúnjẹ sì ń rí àyè yẹ̀ fún un. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, iṣan á le, á gùn sí i, á lọ́, ìdí rẹ̀ sì lè wú bí èyí tí Kommerell rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú kò ní mú iṣan kankan rọ̀. Lára àwọn kan ẹ̀wẹ̀, iṣan méjèèjì tí ń lọ sí ọrùn jáde láti ojú kan náà ní iwájú, èyí tí ó yapa wà lẹ́yìn, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí sì há sí àárín wọn bí aṣọ láàárín ẹ̀mú.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ọ̀pá ìbẹ́pẹ, nítorí náà mímí ni ó ń kọ́kọ́ dààmú rẹ̀. Èémí rẹ̀ á máa dún, pàápàá nígbà tí ó bá ń mu ọmú. Á máa húkọ́ tí kò lọ. Òtútù àyà á máa mú un ní àmútúnmú. Oògùn asthma kì í ṣe iṣẹ́ kankan fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ti gba ìtọ́jú òtútù àyà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin láàárín ọdún kan, tí dídún èémí rẹ̀ kò sì lọ láàárín wọn, yẹ kí dókítà àwọn ọmọdé yẹ iṣan àyà rẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí oúnjẹ ti ń há láyà fún oṣù mẹ́fà kì í sábà kọ́kọ́ ronú kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọn á ní ó jẹun lójú oorun, tàbí pé ẹnìkan ti fi nǹkan sínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹlòmíràn á ra oògùn ọgbẹ́ inú ní ilé ìtajà oògùn ní Kpakungu tàbí ní Tunga, á sì máa lò ó títí ọdún á fi yí po. A kò sọ èyí láti fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó yapa wà lára àwọn ohun tí kò wọ́pọ̀ tí ó ń fa kí oúnjẹ máa há. Jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ wà lára àwọn tí ó léwu jù, oṣù mẹ́fà sì jẹ́ àkókò tí jẹjẹrẹ kì í fi ṣeré. Ẹni tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí há, tí ó ń rù, tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ti kúrò lórí àìlègbé ẹ̀bà mì bọ́ sí àìlègbé ẹ̀kọ mì, kí ó má dúró de oṣù kejì kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Àyẹ̀wò tí a ń ṣe

Ará Minna lè bẹ̀rẹ̀ láti General Hospital tàbí láti IBB Specialist Hospital tí ó wà nínú ìlú náà. Àyẹ̀wò tí ó rọrùn jù ni kí aláìsàn mu omi funfun kan tí a ń pè ní barium, kí a sì ya àwòrán X-ray rẹ̀ bí ó ti ń gbé e mì. Omi náà ń mú kí ọ̀nà oúnjẹ hàn kedere lójú àwòrán. Bí iṣan tí ó yapa bá wà lẹ́yìn rẹ̀, a óò rí i pé ibì kan wọnú díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ní ìdábùú tí ó ti ìsàlẹ̀ òsì gòkè lọ sí ọ̀tún. Dókítà tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àwòrán yìí lè fura lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí ó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni àyẹ̀wò CT tí a fi oògùn àwòrán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe. Yóò fi hàn ibi tí iṣan náà ti yà, ibi tí ó gbà, bóyá ìdí rẹ̀ wú, àti bí àwọn iṣan ọrùn ṣe rí. Àyẹ̀wò MRI náà lè ṣe iṣẹ́ yìí láìlo ìtànṣán X-ray, èyí sì wúlò fún àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó bá ní ìwé ètò ìlera NiCare ti Ìpínlẹ̀ Niger, kí ó béèrè ní ilé ìwòsàn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ohun tí ètò náà lè san níbẹ̀, kí ó tó fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò mìíràn wà, èyí tí dókítà fi ń ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà bọ ọ̀fun wo inú ọ̀nà oúnjẹ. Kò ṣeé fojú fò, nítorí òun ni ó ń fi jẹjẹrẹ hàn. Ṣùgbọ́n bí iṣan tí ó yapa bá ń ti ọ̀nà oúnjẹ láti ẹ̀yìn, ó lè dà bí kókó kékeré tí awọ ara rẹ̀ ń dán. Bí kókó náà bá ń sọ kì kì kì bí ọkàn ṣe ń sọ, dókítà kò gbọdọ̀ já ẹran kankan lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò tú jáde.

Gẹ̀gẹ̀ àti okùn ohùn

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, nítorí iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ẹni tí ó lọ ṣe é kò sì ní ìdí kankan láti ronú nípa iṣan àyà rẹ̀.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ọpọlọ fi ń darí ohùn. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti apá ọ̀tún máa ń sọ̀kalẹ̀ láti ọrùn wá sí òkè àyà, ó ń pọ́ mọ́ abẹ́ iṣan apá ọ̀tún bí okùn ewúrẹ́ ṣe ń pọ́ mọ́ èèkàn, ó wá ń padà gòkè lọ sí gògóńgò lẹ́bàá ẹṣẹ́ tí ó ń di gẹ̀gẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ni a ti kọ́ pé kí ó wá okùn yìí rí kí ó tó gé ohunkóhun, ó sì mọ ibi tí yóò ti wá a.

Lára ẹni tí iṣan rẹ̀ yapa, èèkàn kò sí níbẹ̀. Iṣan apá ọ̀tún ti gba ẹ̀yìn lọ, kò sì sí ohun tí yóò fa okùn náà sọ̀kalẹ̀ wá sí àyà. Nítorí náà, tààrà ni ó ń gbà láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí gògóńgò, bí ẹni tí ó já ọ̀nà àbùjá. Ó lè wà láàárín àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí oníṣẹ́ abẹ fẹ́ so kí ó sì gé. Láti ọdún 1823 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Stedman ti ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí a bá ge okùn yìí, ohùn aláìsàn á há. Ó lè máa húkọ́ bí ó bá mu omi, ó sì lè jẹ́ pé ohùn náà kò ní padà bọ̀ sípò mọ́. Fún olùkọ́, fún ládáànì, fún ẹni tí ń polówó ọjà, ohùn ni iṣẹ́.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí ìrònú ni pé a lè mọ̀ ṣáájú. Bí aláìsàn tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ bá ti ya àwòrán CT ọrùn àti àyà fún ìdí mìíràn, iṣan náà á ti hàn nínú rẹ̀, bí ẹni tí ó kà á bá wò ó. Skáànù ọrùn lásán pàápàá lè fi hàn bóyá iṣan ọ̀tún ọrùn àti ti apá ọ̀tún jáde láti orí kan náà. Bí wọn kò bá ti orí kan náà jáde, oníṣẹ́ abẹ yóò mọ̀ pé ibòmíràn ni yóò ti wá okùn ohùn. Ẹni tí gẹ̀gẹ̀ ń yọ lẹ́nu, tí oúnjẹ sì ti ń há láyà láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó sọ ọ́ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Gẹ̀gẹ̀ lè ti ọ̀nà oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ òun nìkan.

Rọ́bà imú àti eegun ẹja

Aláìsàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí tí ó wà láìmọ ara rẹ̀, a máa ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú rẹ̀ dé ikùn láti fi fún un ní oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀mí wọn ti là nípa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà náà bá pẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, tí ó sì le, ó lè máa ha ògiri ọ̀nà oúnjẹ mọ́ iṣan tí ó yapa lẹ́yìn rẹ̀, títí tí ihò yóò fi là láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn dókítà ti kọ àkọsílẹ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ mélòó kan. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni kò yè é, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí apá ni ó ń tú sínú ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó pupa yòò lè kọ́kọ́ jáde lẹ́nu tàbí nínú rọ́bà náà kí ó tó di ńlá. Bí mọ̀lẹ́bí tí ó ń tọ́jú aláìsàn bá rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì fa rọ́bà yọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá hàn pé aláìsàn yóò nílò rọ́bà fún ìgbà pípẹ́, dókítà lè lo èyí tí ó rọ̀, tàbí kí ó la ọ̀nà oúnjẹ láti ara ikùn.

Bákan náà ni eegun ẹja. Ẹja odò Ọya àti ti adágún Kainji pọ̀ lọ́jà Minna, eegun rẹ̀ sì ń há ènìyàn lọ́fun. Àṣà wa ni kí a fi òkèlè ẹ̀bà ńlá tì í sọ̀kalẹ̀. Àṣà yìí kò dára fún ẹnikẹ́ni, nítorí eegun tí ó mú lè gún ọ̀nà oúnjẹ dé iṣan ẹ̀jẹ̀, yálà èyí tí ó yapa tàbí aorta fúnra rẹ̀.

Ní àwọn ilé ìwòsàn tí ń ṣe àyẹ̀wò iṣan ọkàn, tí wọ́n ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọkàn, iṣan tí ó yapa lè mú kí wáyà náà kọ̀ láti dé ibi tí ó ń lọ. Dókítà tí ó bá fura á gba ọwọ́ òsì tàbí itan dípò rẹ̀.

Ìtọ́jú

Ẹni tí a ṣèèṣì rí iṣan yìí lára rẹ̀, tí kò sì ní ìnira kankan, kò nílò iṣẹ́ abẹ. Kí ó tọ́jú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó sì máa fi han dókítà tí ó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun ní ọrùn tàbí àyà rẹ̀. Bí ìdí iṣan náà bá wú, ọ̀rọ̀ yí padà. Wíwú náà lè máa pọ̀ sí i, ó sì lè bẹ́, nítorí náà a óò máa wọ̀n ọ́n láti ìgbà dé ìgbà, a sì lè tún un ṣe kí ó tó fa ìrora.

Ẹni tí ìnira rẹ̀ kò pọ̀, jíjẹun díẹ̀díẹ̀ àti jíjẹ ẹran kúnná kí a tó gbé e mì ti tó fún un nígbà mìíràn, pẹ̀lú oògùn bí omi kíkan inú bá ń ru sókè. Ẹni tí ó ń rù, tàbí ọmọ tí kò lè mí dáadáa, iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà á. Oníṣẹ́ abẹ á gé iṣan náà kúrò níbi tí ó ti yà, á sì rán an mọ́ iṣan ọ̀tún ọrùn, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé apá láti iwájú. A kì í kàn so iṣan náà pa mọ́, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà kan rí, nítorí ọwọ́ lè máa rẹ ẹni náà, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ sì lè dín kù.

Iṣẹ́ abẹ inú àyà kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1974 ni a ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní University of Nigeria Teaching Hospital ní Enugu. Àwọn ilé ìwòsàn bíi National Hospital ní Abuja, University of Ilorin Teaching Hospital, àti UCH ní Ìbàdàn ni ibi tí a lè darí ará Minna sí. Abuja ni ó sún mọ́ ọn jù, nǹkan bí kìlómítà 150.

Bí ó bá hàn nínú skáànù oyún

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni àwọn tí ń ṣe skáànù fún aboyún ti ń wá iṣan yìí lára ọmọ inú. Ìdí ni pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ó ní Down syndrome ju lára àwọn ọmọ yòókù lọ. Ìyá tí a bá sọ èyí fún kí ó má fòyà kọjá bí ó ti yẹ. Bí a bá yẹ ọkàn ọmọ náà àti gbogbo ara rẹ̀ wò, tí kò sí ohun mìíràn tí ó yàtọ̀, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bí tí kò sí àrùn kankan lára wọn. Bí àmì mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, dókítà lè dábàá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá, tàbí ti omi tí ó yí ọmọ ká. Ọwọ́ ìyá àti bàbá ni ìpinnu wà bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìbímọ, bí ọmọ bá ń mu ọmú dáadáa, tí èémí rẹ̀ kò dún, kò sí oògùn tí a ó fún un. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìlera rẹ̀ pé iṣan apá ọ̀tún rẹ̀ gba ẹ̀yìn, kí ìwé náà sì bá a dàgbà.